Ọkọ̀ Tó Fọ́ ní Dagenham: Ohun Tí Ìwé Sọ àti Ohun Tí Kò Sọ

Bí ọkọ̀ bá forí sọ ẹ̀yìn dáńfó ní Òṣòdì, kò sí ará Èkó tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Wọ́n á wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀gá á yí i po, á pòṣé, á ránṣẹ́ pe pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà á mú jórinjórin dání, rìwáyà á wá wo wáyà tó já níwájú, ẹni tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà á máa dúró de gbogbo wọn. Ẹnì kan á gbowó lọ́wọ́ yín, á sáré dé Ládípọ̀ ní Mushin, á gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ kan ní Belgium bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní bá ti ọkọ̀ yín mu. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tó bá ṣe díẹ̀, ọkọ̀ náà á tún bọ́ sójú títì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, ẹ ó lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì, torí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ìnṣọ́ránsì kì í sábà dá sí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni owó ìnṣọ́ránsì tó kéré jù lọ fún ọkọ̀ aládàáni kúrò ní 5,000 náírà, tó di 15,000, síbẹ̀ nítorí ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń san án. Irú ìnṣọ́ránsì bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ kan ọkọ̀ ẹni tó rà á. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọlù ló wà fún. Ọkọ̀ tó fọ́ ṣì jẹ́ ti olówó rẹ̀, òun ni yóò sì wá owó àtúnṣe.

Ní Barking àti Dagenham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà tí ọkọ̀ tó fọ́ ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó máa tún un ṣe yàtọ̀ pátápátá. Àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe mẹkáníìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó fẹ́ràn ọkọ̀ asáré, tí owó rẹ̀ kò sì tó èyí tó pé ra. Ó ra èyí tó fọ́, ó gbé e sí iwájú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Òun ni mẹkáníìkì, òun ni rìwáyà, òun náà ni pánẹ́ẹ̀lì-bítà.

Owó iṣẹ́ ló jẹ́ kí èrè wà nínú rẹ̀. Nílé, páàtì ló wọ́n, owó ọwọ́ kéré. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí ni wọ́n fi ń ka owó ọwọ́, wákàtí kan sì lówó lórí. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á jókòó ṣírò: páàtì tuntun, wákàtí àwọn oníṣẹ́, owó ọkọ̀ tí wọ́n máa yá fún ẹni tí tirẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí iye yẹn bá ti ń sún mọ́ iye tí ọkọ̀ náà ń tà lọ́jà, wọn kò ní tún un ṣe mọ́. Wọ́n á san owó ọkọ̀ fún olówó rẹ̀, ọkọ̀ á di tiwọn, wọ́n á sì fi lẹ́tà kan sàmì sí i. Ẹni tí kò ní san owó ọwọ́ fún ẹnikẹ́ni, tí páàtì àlòkù sì tẹ́ lọ́rùn, lè tún ọkọ̀ kan náà ṣe kó sì jèrè.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, lẹ́tà mẹ́rin ló wà. Èyí tó bá gba A, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, páàtì kankan kò gbọdọ̀ jáde lára rẹ̀. B, wọ́n lè tú páàtì rẹ̀ tà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí títì mọ́. S, egungun ọkọ̀ gan-an ló tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe. N, egungun kò ní nǹkan kan, ohun mìíràn ló bàjẹ́, ì báà jẹ́ ilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ omi tó wọ inú wáyà. Ṣáájú 2017, C àti D ni wọ́n ń lò dípò méjì tó kẹ́yìn, iye owó àtúnṣe ni wọ́n sì fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Lójú mi, ti ìsinsìnyí dára jù, torí ó kéré tán, ó ń sọ ibi tí ọgbẹ́ wà.

Lẹ́yìn lẹ́tà ni gbàǹjo. Ẹni tó bá ti fa tòkúnbọ̀ wọlé láti Amẹ́ríkà rí mọ Copart. Vallejo ní California ni ilé-iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ó sì wọ Ìlú Ọba ní 2007. Orí fóònù ni ẹ ó ti pe iye yín. Fọ́tò á fi bọ́ńpà tó fọ́ hàn yín, kò ní fi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Lórí iye tí ẹ bá pè, owó gbàǹjo wà, VAT wà, owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wá sílé tún wà. Ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wọ́.

Irin kì í ṣe àjèjì ní Dagenham. Bí Ògún bá ní ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló máa wà. Ní 1929, Edsel Ford, ọmọ Henry Ford, fi ṣọ́bìrì bẹ ilẹ̀ ní àbàtà etí odò Thames. Ní oṣù Kẹwàá 1931, ọkọ̀ akẹ́rù ló kọ́kọ́ jáde nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Cortina tí àwọn bàbá wa fi ń yangàn. Láti 1967, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń to irú kejì Cortina Lotus, ọkọ̀ asáré gidi. Ní 1968, àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀ níbẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí kò bá ti ọkùnrin dọ́gba, ìjà wọn sì wà lára ohun tó bí òfin owó-oṣù ọgbọọgba ti 1970. Ogúnjọ́ oṣù Kejì 2002 ni ọkọ̀ ìkẹyìn jáde, Fiesta ni. Nígbà náà, ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 11. Láti ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ni wọ́n gbájú mọ́. Àwọn bàbá òyìnbó tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣì wà ládùúgbò. Òmíràn nínú wọn á dúró lẹ́nu géètì, á wo bí ẹ ṣe di sípánà mú, á sì sọ tẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Níbo ni ẹ ó ti ṣiṣẹ́ náà? Becontree ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé níbẹ̀, àdúgbò tí London County Council kọ́ láàárín 1921 àti 1935, tí ilé inú rẹ̀ lé ní 25,000. Ọgbà kékeré ni wọ́n ṣe síwájú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyẹn kí àwọn ayálégbé lè gbin òdòdó. Lónìí, sìmẹ́ńtì ti bo púpọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ ló wà níbẹ̀. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó bá ní in, torí òfin kò fàyè gba ọkọ̀ òkú lójú títì. Ọkọ̀ tí wọn kò san owó orí rẹ̀, tí kò sì ní ìnṣọ́ránsì, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan títì. Ẹni tó ni í á sọ fún DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, pé òun ti gbé e kúrò níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SORN, ọkọ̀ náà á sì jókòó sínú ọgbà títí yóò fi yá. Nílé, abẹ́ igi ọ̀dán lẹ́bàá títì ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì. Ní Ìlú Ọba, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2005, Clean Neighbourhoods and Environment Act, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa tún ọkọ̀ ṣe gbowó lójú títì. Ẹni tó ń tún tirẹ̀ ṣe láìgbowó kò ṣẹ̀, bí kò bá ti di ìyọnu fún aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ ká mú Fiesta ST kan, irú èyí tí Ford ṣe láàárín 2013 àti 2017: ẹ́ńjìnnì 1.6 tó ní tọ́bò, agbára ẹṣin 182. Ó kọlu ọkọ̀ kan níwájú, igun òsì ló fi gbà á. S ni wọ́n fún un.

Ẹ tú bọ́ńpà. Ike lásán ni bọ́ńpà òde òní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin gbọọrọ kan wà, lẹ́yìn irin náà ni àpótí irin kékeré méjì wà, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Wọ́n dìídì ṣe àwọn àpótí yìí kí wọ́n lè rún pọ̀ bí agolo mílíìkì tí ọmọdé tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí agbára ìkọlù lè tán síbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Bí àpótí nìkan ló bá rún, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ yín: ẹ tú u, ẹ de òmíràn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá àpótí dé ara irin gígùn méjì tó gbé ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni S ti wá. Ẹ ó fi téèpù wọn láti ojú ihò kan lápá òsì iwájú dé ojú ihò kan lápá ọ̀tún ẹ̀yìn, ẹ ó tún wọn láti ọ̀tún sí òsì. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tiwa náà ń ṣe èyí, okùn ló ń lò, ojú rẹ̀ sì mú. Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn náà ló yàtọ̀.

Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, irin rẹ̀ rọ̀. Ẹ fi iná kàbáìdì sí i títí yóò fi pọ́n, ẹ lù ú ní hámà, á padà síbi tó wà. Ara ọkọ̀ òde òní kò gba irú ìlù bẹ́ẹ̀. Àwọn òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti àwọn ibi tó yí èrò ká, irin tí wọ́n fi bórọ̀n sí lára ni. Inú iná ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì mú un tutù lójijì kó lè le. Bí ẹ bá tún fi iná sí i, líle yẹn á lọ, ojú kò sì ní rí i. Á tọ́, á dán, ọ̀dà á jókòó lé e dáadáa. Ọjọ́ tí ọkọ̀ mìíràn bá tún kọlù ú ni ẹ ó mọ̀.

Nítorí náà, wọn kì í lu irú irin bẹ́ẹ̀. Gígé ni wọ́n ń gé e. Ojú ìjórin kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ, ni wọ́n fi lẹ irin mọ́ irin ní ilé-iṣẹ́. Ẹ ó gbẹ́ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó yọ èyí tó tẹ̀, ẹ ó fi òmíràn sí ojú ibi tí Ford ti parí rẹ̀ gan-an, ẹ ó sì jó o. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà àti ìda tí wọ́n ń fín sínú ihò irin. Ìda yìí kì í ṣe àṣejù: iyọ̀ ni káńsù ń fọ́n sójú títì nígbà òtútù kí omi má bàa dì, iyọ̀ náà sì ń jẹ irin tí a kò bò. Ẹni tí kò tíì mọ jórin, kó má ṣe fi irin tó gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ. Kó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó ní bẹ́ńṣì tí wọ́n fi ń tọ́ egungun ọkọ̀, kó sanwó ibẹ̀ nìkan, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìyókù.

Ẹ́àbáàgì ló tẹ̀lé e. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ sì ní sùúrù díẹ̀, torí iná ṣì máa ń kù sínú rẹ̀. Níbi tí ẹ́àbáàgì bá ti bẹ́, bẹ́líìtì ìjókòó náà sábà máa ń ti fà. Nǹkan abúgbàù kékeré ló ń fà á, kò sì ní ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní Èkó, tòkúnbọ̀ wà tí wọ́n fi wáyà tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ kí iná ẹ́àbáàgì lè kú, tí kò sí àpò kankan lẹ́yìn ike. Àwọn oníjìbìtì ń ṣe é ní Ìlú Ọba náà. Ẹni tó ń ṣe MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin béèrè níbẹ̀, á wò ó bóyá iná náà tàn tó sì kú bó ṣe yẹ. Kò ní tú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé gbà pé ìjọba Ìlú Ọba á yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní kó tó padà sí títì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín 2003 àti oṣù Kẹwàá 2015, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní VIC, ṣùgbọ́n nítorí olè ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kí wọ́n lè rí i dájú pé ọkọ̀ tó padà dé ni èyí tó fọ́, pé kì í ṣe èyí tí wọ́n jí, tí wọ́n wá fi nọ́ńbà ṣáásì òkú ọkọ̀ lé. Wọ́n ti fagi lé e. Lónìí, bí MOT ọkọ̀ náà kò bá tíì parí, kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni wo ojú ìjórin yín. Pátíkúlà tuntun tí DVLA bá fún yín á gbé àmì S, àmì náà kò sì ní kúrò. Ó ń sọ pé ọkọ̀ yìí fọ́ rí. Kò sọ bóyá ẹni tó tún un ṣe mọṣẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n gé tí wọ́n jó bó ṣe yẹ, àti èyí tí wọ́n lù tí wọ́n fi pọ́tì bò, lẹ́tà kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, owó tí wọ́n sì ń pàdánù lọ́jà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Nílé, a kò ní lẹ́tà, ṣùgbọ́n a mọ ọ̀gá. Níbẹ̀, wọ́n ní lẹ́tà, wọn kò mọ ẹni tó di hámà mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n láàárín wọn fi ń ya fọ́tò irin ní ìhòòhò kí wọ́n tó kùn ún, tí wọ́n sì ń tọ́jú gbogbo rìsíìtì páàtì.

Ọ̀rọ̀ agbára wá kù. Tọ́bò kì í ṣe tuntun fún ẹni tó mọ akẹ́rù: èéfín tó ń jáde ló ń yí fáànù kékeré kan, fáànù yẹn sì ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tí yóò dé dúró. Bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà yẹn tò, atẹ́gùn á pọ̀ sí i, epo á pọ̀ sí i, agbára á gòkè. Mountune, ilé-iṣẹ́ kan ní Essex, ṣe irú rẹ̀ fún Fiesta ST yìí, ó gbé e láti 182 dé 215, Ford fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ooru náà ń gòkè, bíréèkì sì wà bó ṣe wà. Èmi ò gbà pé kí a fi agbára kún ọkọ̀ tí a kò tíì mọ bó ṣe ń dúró. Bíréèkì kọ́kọ́, táyà tẹ̀lé e, tọ́bò lẹ́yìn.

Gbogbo ohun tí ẹ bá yí padà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, títí kan ríìmù. Òfin 2012 kan gbà wọ́n láàyè láti fagi lé àdéhùn ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá mú tó ń wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì á gba póìǹtì mẹ́fà lórí láísẹ́ǹsì. Fún ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì, mẹ́fà yẹn tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tíńtẹ́ẹ̀dì kò nílò páámíìtì níbẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: gíláàsì ẹ̀gbẹ́ níwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìdá 70 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ wọlé. Sàlẹ́ńsà tí wọ́n lu kó lè máa bú lòdì sófin, ọlọ́pàá sì lè gba ọkọ̀ ẹni tó bá ń fi í da àdúgbò láàmú. ULEZ náà wà, òfin tó ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú, tó dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023: ọkọ̀ epo tí kò bá dé ìwọ̀n èéfín Euro 4 ń san £12.50 lójúmọ́ tó bá rìn. Fiesta ST yìí kọjá ìwọ̀n náà. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í san kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, irú ọkọ̀ yìí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ yín lódindi. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì lọ sí apá ọ̀tún, sítíárì tí Ìlú Ọba ń lò kò sì bá tiwa mu mọ́. Páàtì wọn ló ń dé: ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn. Ẹ ṣọ́ra fún iná iwájú. Wọ́n ṣe ti Ìlú Ọba kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè gòkè sí òsì, níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọn wà. Nílé, òsì yẹn ni ojú ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín. Bí ọmọ yín ní Dagenham bá ní òun fẹ́ fi iná ránṣẹ́, ẹ ní kó fi ilẹ̀kùn ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì wà níbẹ̀, tí ẹ fẹ́ ra S tí ẹlòmíràn ti tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí ojú-ìwé MOT ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó sì rí ibi tó ti kùnà àti iye máìlì tó ti rìn. Kò ní fi lẹ́tà hàn yín. Ẹ san owó díẹ̀ fún àyẹ̀wò tó máa fi í hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fọ́tò irin rẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Bí ẹni náà kò bá ní in, ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.